Ẹ Má Nù Ún: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín Lórí Owó Proof Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu kan owó onírin àtijọ́ ti Amẹ́ríkà ní abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí irú owó tí wọ́n ń pè ní proof, ìyẹn owó tí ilé ìtẹ̀wó Amẹ́ríkà dìídì tẹ̀ fún àwọn tó ń kó owó jọ, tí kì í ṣe fún níná lọ́jà. Mo ti ṣa méje nínú àwọn ìbéèrè náà, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú láìyí ìtumọ̀ wọn padà. Ẹ ó rí i pé, bí àwọn ìbéèrè náà ti yàtọ̀ síra tó, ojú owó ni ìdáhùn mi ń padà sí ṣáá, àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣe sí ojú náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: *Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Bàbá ìyàwó mi fi dọ́là fàdákà Morgan ti ọdún 1881 kan sílẹ̀ fún wa. Ojú rẹ̀ ń dán débi pé mo lè rí irùngbọ̀n ara mi nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní proof ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń ta owó àtijọ́ ní kì í ṣe proof rárá. Ta ni kí n gbà gbọ́?*

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta owó náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yí owó yín sẹ́yìn, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹyẹ idì, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka ewé méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà kékeré níbẹ̀, S fún San Francisco, O fún New Orleans tàbí CC fún Carson City, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí pé Philadelphia ni wọ́n ti ń tẹ proof, owó Philadelphia kì í sì í ní lẹ́tà kankan lára nígbà náà. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nítorí pé àwọn díẹ̀ wà tó yàtọ̀, bí irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Carson City ní ọdún 1893, lọ́dún tí ilé ìtẹ̀wó ibẹ̀ dáwọ́ owó títẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n irú wọn kì í ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn láìsí ìtàn tó gún régé lẹ́yìn rẹ̀. Dọ́là San Francisco ti ọdún 1881 gbajúmọ̀ gan-an fún irú dídán tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, àìmọye ènìyàn ló sì ti rò pé proof ni.

Proof kì í ṣe orúkọ ipò tí owó wà. Orúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni. Wọ́n á mú òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fín àwòrán owó náà sí, wọ́n á fi èròjà lẹ́búlẹ́bú ra ojú rẹ̀ títí yóò fi máa dán bíi dígí. Wọ́n á ṣe pẹlẹbẹ fàdákà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ á fi ọwọ́ gbé pẹlẹbẹ náà sábẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú agbára tó ju ti owó ọjà lọ. Ní ọdún 1881, 984 péré ni irú dọ́là Morgan bẹ́ẹ̀ tí Philadelphia tẹ̀, nígbà tí ti ọjà ń jáde ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù.

Bí kò bá sí lẹ́tà lára tiyín, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ tan iná kan ṣoṣo. Ẹ wo irun tó wà lókè etí obìnrin inú àwòrán náà. Lára proof, ẹ lè tọ fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Lára owó ọjà, ibẹ̀ sábà máa ń pẹlẹbẹ bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́. Ẹ wo ìyẹ́ àyà ẹyẹ idì náà bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ dá owó dúró kí ẹ wo etí rẹ̀: igun etí proof mú ṣánṣán bí igun tábìlì, ti owó ọjà sì rọ̀, ó ṣe róbótó díẹ̀. Ní ìparí, ẹ wo èrèkẹ́ obìnrin náà. Àpò aṣọ tí wọ́n ń da 1,000 dọ́là sí ni owó ọjà ń gbé, owó sì ń gbá owó nínú àpò, nítorí náà ojú owó ọjà tó ń dán jù lọ pàápàá máa ń ní ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ níbi èrèkẹ́. Proof kò wọ àpò rí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: proof tí ẹnì kan ná lọ́jà, tó sì gbó, ṣì ń jẹ́ proof síbẹ̀. Ẹ lè rí i tí wọ́n kọ PR-45 (PR fún proof, 45 fún máàkì rẹ̀ nínú 70) sí ara ike tí àwọn tó ń yẹ owó wò dè é mọ́. Ìbí rẹ̀ kò yí padà, ara rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìbéèrè: *Mo rí owó 50 sẹ́ǹtì méjì ti ọdún 1897 nínú ìwé gbàǹjo kan. PR-65 ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní lẹ́tà CAM lẹ́yìn tirẹ̀, iye tí wọ́n retí lórí rẹ̀ sì ga ju ti èkejì lọ. Ṣé máàkì kan náà kọ́ ni wọ́n gbà ni?*

Ìdáhùn: Máàkì kan náà ni, ṣùgbọ́n máàkì kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni William Sheldon ló gbé òṣùwọ̀n 1 sí 70 jáde ní ọdún 1949 fún owó bàbà ńláńlá ti ìgbà ìjímìjí Amẹ́ríkà, èrò rẹ̀ sì ni pé owó tó gba 70 yẹ kó níye lórí ní ìlọ́po 70 ju èyí tó gba 1 lọ. Ọjà kò tẹ̀ lé ìṣirò yẹn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà dúró. PCGS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986, àti NGC, tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1987, ni ilé-iṣẹ́ méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé láti yẹ owó wò, kí wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n sì dè é mọ́nú ike. PCGS a máa kọ PR, NGC a máa kọ PF. Ohun kan náà ni. Láti 60 sókè ni proof tí kò gbó rárá ti bẹ̀rẹ̀.

CAM, ìyẹn cameo, ń sọ nípa ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ owó àti àwòrán tó yọ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ra ojú òǹtẹ̀, ibi tó tẹ́jú nìkan ni lẹ́búlẹ́bú ń kàn. Kòtò tí wọ́n fín àwòrán sí kò dán. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ owó fi ń dúdú bíi dígí tí ẹ bá gbé e yí, tí àwòrán á sì funfun lórí rẹ̀ bí ìrì dídì. Bí òǹtẹ̀ náà ti ń tẹ owó sí i ni inú kòtò náà ń dán díẹ̀díẹ̀, funfun yẹn á sì máa parẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn owó tó kọ́kọ́ jáde ló ń ní in jù. Bí ìyàtọ̀ náà bá lágbára gidigidi, PCGS á kọ DCAM (deep cameo), NGC á kọ Ultra Cameo. Owó ọdún 1896 sí 1898 lókìkí fún ẹwà yìí. Láti ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wó bẹ̀rẹ̀ sí í ra inú kòtò náà pẹ̀lú, gbogbo ojú owó wá ń dán bákan náà, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀; ṣùgbọ́n nítorí náà gan-an ni CAM ti ọdún 1903 fi ṣọ̀wọ́n. Ní ti owó bàbà, àwọ̀ ni wọ́n ń kọ: RD fún pupa, RB fún pupa òun àwọ̀ ilẹ̀, BN fún àwọ̀ ilẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń ya PR-65 méjì sọ́tọ̀ ni ohun tí òǹkàwé yìí kò béèrè, mo sì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra proof 25 sẹ́ǹtì kan, irú èyí tí obìnrin jókòó sí lójú rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo mọ̀ nípa fọ́tò rẹ̀ nìkan. Nínú fọ́tò, owó náà dà bí omi odò tí atẹ́gùn kò fẹ́. Nígbà tó dé, mo gbé e sábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, mo sì yí i díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Ní ìgbà kẹta tí mo yí i ni wọ́n yọ sí mi: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà, bí ìgbà tí àtàǹpàkò kan fi aṣọ nù ún láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tó nù ún ti lè kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sì ní èrò ibi lọ́kàn. Eruku ló fẹ́ nù. Mo tà á padà, mo sì pàdánù. Ní 65, irú ìlà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gidigidi. Ní 62, wọ́n á hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ti ń yí owó. Láàárín nọ́ńbà kan náà, àwọn tó lágbára àti àwọn tó kàn kù díẹ̀ kó bọ́ sísàlẹ̀ wà, ìdí sì nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ CAC fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa lẹ àmì kékeré aláwọ̀ ewé mọ́ ike owó tó gbà pé ó tó máàkì rẹ̀ dáadáa, àti àmì aláwọ̀ wúrà mọ́ èyí tó gbà pé ó ju máàkì rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: *Olóòtú mi ọ̀wọ́n, proof mi ti yí àwọ̀ padà sí búlúù àti àlùkò ní etí. Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́?*

Ìdáhùn: Ẹ má fi ohunkóhun fọ̀ ọ́, ẹ dákun. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ àti inú ìwé tí wọ́n fi pọ́n owó náà ló ń bá fàdákà dàpọ̀, tí àwọ̀ yẹn fi ń jáde, díẹ̀díẹ̀, láti etí lọ sí àárín. Ọ̀pọ̀ olùkójọ a máa sanwó lé e nítorí àwọ̀ yẹn, nítorí pé ó ń jẹ́rìí sí i pé kò sí ẹni tó ti ṣe ojú owó náà ní nǹkan. Omi kẹ́míkà wà tó ń ṣí àwọ̀ náà kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ń ṣí ara fàdákà gan-an pẹ̀lú rẹ̀, dídán owó á sì dàbí dídán omi ìfọṣọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè gbà láyè ni bí ẹ bá rí èérí aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lára owó fàdákà tàbí wúrà, èyí tó wá láti inú ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi PVC ṣe. Acetone tí kò ní àdàlù ń yọ́ èyí láìṣe ojú owó ní nǹkan, bí ẹ bá rì í sínú rẹ̀ tí ẹ kò fi òwú ra á. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí iná kò sí ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ọwọ́ yín kò bá le, ẹ fi rán àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ní ti ìpamọ́, etí ni kí ẹ ti máa di owó mú, lórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n itọ́ tó ta sójú proof ló ń di àwọn àmì dúdú kéékèèké tí ẹ ń rí lára owó àtijọ́, tí kò sì ṣeé mú kúrò. Ìwé ìkówójọ àtijọ́ kan tún wà tó ní ọ̀rá tí wọ́n ń fà wọlé fà jáde lórí owó: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á, ó ń ha èrèkẹ́ àwòrán. Ibi gbígbẹ tí ooru rẹ̀ kì í yí padà ṣáá ló dára, pẹ̀lú àpò kékeré silica gel tó ń fa ọ̀rinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: *Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe dọ́là ọdún 1804 ní proof, nígbà tí mo kà pé kì í ṣe ọdún 1804 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́?*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ìwé ilé ìtẹ̀wó sọ pé 19,570 dọ́là fàdákà ni wọ́n kó jáde ní ọdún 1804, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ọdún àtẹ̀yìnwá ni wọ́n lò fún wọn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1834, ìjọba Amẹ́ríkà ń rán ońṣẹ́ rẹ̀, Edmund Roberts, lọ sí ilẹ̀ Éṣíà láti bá àwọn ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn ìṣòwò, wọ́n sì fẹ́ kó mú ẹ̀bùn owó Amẹ́ríkà lọ́nírúurú dání. Wọ́n wo ìwé, wọ́n rí 1804 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n tẹ dọ́là kẹ́yìn, wọ́n sì ṣe òǹtẹ̀ tuntun pẹ̀lú ọdún yẹn. Bí ilé ìtẹ̀wó ṣe ṣe owó tí kò sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọba Muscat gba ọ̀kan, Ọba Siam gba ọ̀kan. Roberts kú ní Macau ní ọdún 1836 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Mẹ́jọ ni a mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Proof ni wọ́n lóòótọ́, nítorí pé ọ̀nà proof ni wọ́n gbà tẹ̀ wọ́n. Ọdún ara wọn nìkan ni irọ́. Èyí tí wọ́n sọ mọ́ Ọba Muscat gba PR-68, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo ní ọdún 1999 ní mílíọ̀nù 4.14 dọ́là, lẹ́yìn náà ní ọdún 2021 ní mílíọ̀nù 7.68 dọ́là. Àwọn mìíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wó fúnra wọn yọ́ tẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1857, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn olùkójọ ń wá a lójú méjèèjì.

Ìbéèrè: *Mo ti fi 2,000 dọ́là pamọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó proof àtijọ́ jọ. Ṣé kí n ra ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú, tàbí kí n máa tọ́jú owó de dọ́là Morgan ọdún 1895?*

Ìdáhùn: Ẹ fi ti 1895 sílẹ̀ ná. Proof 880 ni wọ́n tẹ̀ lọ́dún náà. Ìwé ilé ìtẹ̀wó sọ pé 12,000 ti ọjà wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ọ̀kan nínú wọn títí di òní, nítorí náà proof nìkan ni ẹni tó bá fẹ́ ọdún yẹn lè rà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá dọ́là sì ni. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń ra dọ́là New Orleans tàbí San Francisco ti ọdún kan náà, wọ́n á ha lẹ́tà rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì dán an.

Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ lọ sí ibi tí ojú kì í sábà lọ. Owó 3 sẹ́ǹtì aláwọ̀ nickel, tí wọ́n tẹ̀ láti ọdún 1865 dé 1889, àti 5 sẹ́ǹtì tó ní apata lójú, tí wọ́n tẹ̀ láti 1866 dé 1883, ṣì ń tà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là ní PR-65 fún àwọn ọdún tó wọ́pọ̀. Ní ọdún 1878, àwọn méjèèjì kò jáde fún ọjà rárá. Proof 2,350 péré ni wọ́n tẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1886, 3 sẹ́ǹtì 4,290, proof nìkan náà ni. Owó irin yìí le ju fàdákà lọ, ó ń ba òǹtẹ̀ jẹ́, nítorí náà èyí tí àwòrán rẹ̀ yọ dáadáa lára gbogbo ibi kò pọ̀ tó bí iye rẹ̀ ti fẹ́ kí ẹ gbà.

Fún ẹni tó bá ní sùúrù, dọ́là ìṣòwò ni mo nífẹ̀ẹ́ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1873 fún òwò pẹ̀lú ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 1876, ìjọba ní kì í ṣe owó tí òfin fọwọ́ sí fún níná mọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí òfin ọdún 1965 fi dá a padà. Láti 1879 sí 1883, proof nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ nínú rẹ̀: 1,541 ní 1879, 1,987 ní 1880, 960 ní 1881, 1,097 ní 1882, 979 ní 1883. Ẹni tó rà á nígbà náà ra ohun tí kò lè ná. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni ọwọ́ ti bà jẹ́. Ti 1884 jẹ́ mẹ́wàá, ti 1885 jẹ́ márùn-ún. Ẹ gbàgbé ìwọ̀nyẹn.

Pẹ̀lú 2,000 dọ́là, ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta tó dára ní kíkún, kí ẹ má ra mẹ́wàá tó ní ìlà. John Jay Pittman, òṣìṣẹ́ Kodak ní Rochester tí kì í ṣe olówó, ra owó tirẹ̀ lọ́nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá proof tó ti wà kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà. Wọ́n ní ilé rẹ̀ ló fi yáwó kó lè lọ sí Cairo ní ọdún 1954, nígbà tí wọ́n ń lu owó àkójọ Farouk, ọba Íjíbítì tẹ́lẹ̀, ní gbàǹjo. N kò ní kí ẹ fi ilé yín yáwó. Àfiyèsí rẹ̀ sí ojú owó ni kí ẹ kọ́.

Ìbéèrè: *Wọ́n fi 20 dọ́là wúrà ọdún 1909 kan hàn mí, wọ́n ní proof ni. Kò dán rárá. Ṣé wọ́n ń tàn mí ni?*

Ìdáhùn: Bóyá, ṣùgbọ́n àìdán rẹ̀ kọ́ ló máa fi hàn. Àwòrán tuntun tí wọ́n gbé sórí owó wúrà ní ọdún 1907 àti 1908 kò ní ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa tí wọ́n lè sọ di dígí, nítorí náà ilé ìtẹ̀wó tẹ̀ lé ọ̀nà àwọn ará Yúróòpù: wọ́n fi iyanrìn fẹ́ ojú proof wúrà ní ọdún 1908, wọ́n gbìyànjú ojú tó rọ̀, tó ń tàn ní 1909 àti 1910, wọ́n sì padà sí iyanrìn láti 1911 dé 1915. Ti 1909 tí wọ́n fi hàn yín yẹ kó tàn pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí etí rẹ̀ sì mú. Ibi tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn lára irú owó yìí á di àmì dídán, kò sì ní lọ láéláé. Àwọn olùkójọ ìgbà náà kò fẹ́ ẹ, wọ́n ráhùn títí, proof sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún 1916, kò padà títí di ọdún 1936. Ẹ má ra á láìsí ike PCGS tàbí NGC.

Ìbéèrè: *Kí ni kí n ṣọ́ nígbà tí mo bá ń ra nínú gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì?*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó tí ilé gbàǹjo máa fi lé iye tí ẹ bá pè, ó lè tó 20 nínú 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ sókè. Bí ẹ bá ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ wá tà á lẹ́yìn tó ti pé ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ yín, owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè irú ohun àkójọ bẹ́ẹ̀ lè dé 28 nínú 100, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé ìrajà yín.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò kan. Iná tí wọ́n gbé sí ibi kan lè gbé gbogbo ìlà inú ojú owó pamọ́, bó ṣe ṣe fún mi. Ẹ béèrè fún fídíò níbi tí wọ́n ti ń yí owó náà lábẹ́ iná kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe é ti dá yín lóhùn.

Ayédèrú ike pẹ̀lú ayédèrú owó nínú rẹ̀ wà lọ́jà. Òfin ọdún 1973 ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹ̀dà owó àkójọ ní ọ̀rọ̀ COPY lára, ṣùgbọ́n oníjìbìtì kì í ka òfin. Nọ́ńbà wà lára ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú-ewé PCGS tàbí NGC, kí ẹ rí i bóyá ọdún, irú owó àti máàkì bá ara wọn mu. Oníjìbìtì lè kọ nọ́ńbà tòótọ́ sára ike rẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà fọ́tò owó gan-an wà níbẹ̀. Ẹ wá ohun kan tí kò lè sí lára òmíràn: àmì dúdú bí orí abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, tàbí ibi tí àwọ̀ búlúù ti dúró létí lẹ́tà kan. Ẹ fi fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àmì náà bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà dé.